Igi Tó Pẹ́ Lódò, Àgùntàn Tó Bá Ajá Rìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi ju ìbéèrè lù mí.

"Ìwọ tó o jókòó ti sẹ́ẹ̀lì láti ọjọ́ yìí, là mí lọ́yẹ. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè fa ọ̀rá jáde níkùn mi, kí wọ́n gún un sí mi lórúnkún, kó sì di eegun rírọ̀ tuntun níbẹ̀?"

Fídíò kan ló wò lórí fóònù. Ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn ló kọ́kọ́ yọjú. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkùnrin náà ti ń sáré gun àtẹ̀gùn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó lè di eegun rírọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n…"

"Ó tán! Mo sọ fún wọn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Ohun tó yẹ kó tẹ̀lé "àmọ́" yẹn, ẹnu mi ló kú sí. Láti alẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, "lè", ti ń rìn lọ rìn bọ̀ lọ́kàn mi. Gbogbo ìmọ̀ tó wà nípa sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá, orí rẹ̀ ló dúró lé. Gbogbo jìbìtì tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì náà lù, orí rẹ̀ náà ló dúró lé.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni mo máa pe ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stem cell. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ ni. Ó lè bí irú ara rẹ̀, ó sì lè bí ọmọ tó máa kọ́ṣẹ́ títí tó fi máa di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi sin irú èyí tó wà nínú ọ̀rá èèyàn ní yàrá ìwádìí kan. "Sìn" náà ni mo fẹ́ sọ, torí pé bí ẹran ọ̀sìn ni wọ́n rí. O ó máa fún wọn lóúnjẹ, o ó máa pààrọ̀ omi wọn ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, o ó jẹ́ kí ilé wọn móoru dé ìwọ̀n 37 lórí Celsius, bí wọ́n bá sì kún ilé, o ó pín wọn sí ilé méjì tàbí mẹ́ta. Wọn kì í mọ ọjọ́ ìsinmi. Mo ti fi ayẹyẹ sílẹ̀ láàárín rí torí kí n lè lọ bọ́ wọn.

Àpò ọ̀rá ló máa ń wọlé sí wa lọ́wọ́. Àwọn dókítà fà á jáde lára ẹni tó fẹ́ kí ikùn òun wọlé, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ káàkiri, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ká ní kò dé ọ̀dọ̀ wa ni, inú iná ló ń lọ. Ẹni tó ni ín ti sanwó kí wọ́n lè bá òun gbé e dànù, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ká máa mú un lọ, inú rẹ̀ dùn dénú. N kò tíì rí ẹrù mìíràn tí olówó rẹ̀ ń yọ̀ báyìí pé wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀rá kò níyì lójú ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló sì fà á tó fi pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa. Àwa náà a máa rò pé ẹrù tí ara kó pamọ́ ni, pé ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ọdún 2008 ni Kirsty Spalding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska, ní Sweden, fi ọgbọ́n kan tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní gbangba, kí àdéhùn ọdún 1963 tó dá wọn lẹ́kun, irú kábọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní carbon-14 pọ̀ gan-an nínú afẹ́fẹ́. Ewéko fà á mu, ẹranko jẹ ewéko, èèyàn jẹ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló ń dín kù lọ́dọọdún. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé yóò fi iye tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́dún yẹn sínú DNA rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n tẹ ọdún ìbí mọ́ ọn lára. Ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ ni pé nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá 100 tó wà lára àgbàlagbà, bíi 10 ló ń kú lọ́dún kan, tí 10 mìíràn sì ń dípò wọn, ì báà jẹ́ ara ẹni tó sanra, ì báà jẹ́ ara ẹni tó tín-ín-rín.

Bí 10 bá ń dípò 10, ta ló ń bí wọn? Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè yẹn síbẹ̀ ná.

Nígbà tí Martin Rodbell, ará Amẹ́ríkà, fẹ́ ṣèwádìí nípa bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ṣe ń gbọ́ ohùn họ́mọ́ọ̀nù lọ́dún 1964, ó lo ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ okùn tó so ẹran ara pọ̀, collagenase. Ó fi tú ọ̀rá eku palẹ̀, ó wá kó o sínú ẹ̀rọ tó ń yí kánkán. Ọ̀rá fúyẹ́, nítorí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá léfòó sókè. Gbogbo ìyókù rì: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, àti àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ní pàtó ohun tí wọ́n jẹ́. Èyí tó léfòó ni Rodbell ń wá. (Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1994, lórí iṣẹ́ mìíràn tó tibẹ̀ ṣú jáde.) Ọ̀nà tó là yẹn náà ni a ṣì ń tọ̀ títí dòní, àfi pé àwa ń da èyí tó léfòó nù, a sì ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni Patricia Zuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì California tó wà ní Los Angeles wò lọ́dún 2001, pẹ̀lú ọ̀rá èèyàn. Wọ́n rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́ oníke, tí wọ́n gùn, tí wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹja kéékèèké tó kọrí síbì kan náà. Bí wọ́n bá fún wọn ní oríṣi omi kan, wọ́n di ọ̀rá. Omi mìíràn, wọ́n di eegun. Òmíràn, eegun rírọ̀. Òmíràn, iṣan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún fi hàn pé bí èèyàn bá yọ sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ tó sì jẹ́ kó bímọ, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì kan náà yẹn lè pín sí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún lọ. Láìsí i, ẹnikẹ́ni lè sọ pé àwọn ọmọ eegun àti ọmọ ọ̀rá ti wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé omi kàn jí olúkúlùkù wọn ni.

Ṣáájú ìgbà yẹn, mùdùnmúdùn inú eegun ni gbogbo ayé ń wá irú sẹ́ẹ̀lì yìí lọ. Alexander Friedenstein ló ṣí ojú àwọn èèyàn sí i ní Moscow, láti àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bu mùdùnmúdùn lára èèyàn, wọ́n ní láti lu eegun ìbàdí rẹ̀ ní ihò, nínú sẹ́ẹ̀lì 10,000 sí 100,000 tí wọ́n bá sì bù, ẹyọ kan péré ló máa jẹ́ èyí tí wọ́n ń wá. Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀rá, a lè rí ẹyọ kan nínú 100, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ òwe Sókótó àti àpò ṣòkòtò. Gbogbo wa ti pa á gbó, n kò ní pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti fojú rí i.

A mú sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan ṣoṣo, a pín in sí abọ́ mẹ́ta. Abọ́ kìíní, a fún un ní ínsúlínì, oògùn kan tó ń jẹ́ dexamethasone, àti oògùn méjì mìíràn. Abọ́ kejì, dexamethasone kan náà, fítámì C, àti fọ́sífétì tí eegun máa fi le. Ìyẹn kọ́kọ́ dà mí láàmú: báwo ni oògùn kan náà ṣe máa darí ọmọ kan sí ọ̀rá, kó sì darí ìkejì rẹ̀ sí eegun? Ọ̀gá mi ní kí n má wo oògùn náà bí ẹni tó ń pàṣẹ, kí n wò ó bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, pé ẹni tó wà nínú ilé ló máa sọ bí àlejò ṣe máa wọlé. Abọ́ kẹta kì í ṣe abọ́ rárá. Inú ife tóóró la ti fi ẹ̀rọ yí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà títí wọ́n fi ṣù mọ́ra bí orí abẹ́rẹ́ ìdínà, a wá fún wọn ní purotéènì tó ń jẹ́ TGF-beta, torí eegun rírọ̀ kì í gbà láti hù níbi tó bá tẹ́jú. Inú èèyàn pọ̀ ló fẹ́, níbi tí atẹ́gùn kò ti tó.

Ọ̀rá ló kọ́kọ́ yá. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ, mo wo inú máíkírósíkóòpù, mo rí àwọn ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ mi tí wọ́n ti di roboto, tí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán kún inú olúkúlùkù wọn. Nígbà tí mo rẹ wọ́n sínú àwọ̀ tí a ń pè ní Oil Red O, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ́n fòò. Mo pariwo. Mo pe àwọn tó wà ní yàrá kejì kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wá, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, torí pé wọ́n ti rí i nígbà ọgọ́rùn-ún.

Ti eegun kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù sínú abọ́, mo rò pé bí òṣìṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe máa yá tó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó kálísíọ́ọ̀mù jọ dáadáa, ó kù ọjọ́ méjì kí n rẹ wọ́n láwọ̀, gbogbo rẹ̀ ṣí kúrò nílẹ̀ abọ́, ó sì ká bí ẹní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ká bí ẹní! Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó dúró, tí àwọ̀ Alizarin sì mú un, tó pọ́n bí ilẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ pupa rẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn ni pé jíìnì kan máa ń gorí àlééfà. PPAR-gamma ni olórí fún ọ̀rá, RUNX2 fún eegun, SOX9 fún eegun rírọ̀. Ọba kì í pé méjì láàfin: bí PPAR-gamma bá ti ń lágbára, ó ń tẹ RUNX2 mọ́lẹ̀, RUNX2 náà kì í sì í gbà fún un bó bá rọ́wọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì tó ti fi tọkàntọkàn di ọ̀rá kì í fi í dédé di eegun.

Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì kọ ohun tó kéré jù tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó lè kà á mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì yìí. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ike. Àwọn àmì kan gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, CD73, CD90 àti CD105, àwọn mìíràn kò sì gbọ́dọ̀ sí. Ìkẹta ni pé ó gbọ́dọ̀ lè di eegun, ọ̀rá àti eegun rírọ̀ nínú abọ́. Ẹ wo "lè" yẹn bó ṣe jókòó sínú òfin, pẹ̀lú "nínú abọ́" tó tẹ̀ lé e. Fídíò tí ẹ̀gbọ́n mi wò ti gé "nínú abọ́" kúrò.

Ibí yìí ni òwe méjì ti ń bá ara wọn jà nítorí sẹ́ẹ̀lì kékeré yìí.

Èkíní ni pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Lọ́dún 2006, Adam Engler àti Dennis Discher, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Pennsylvania, gbé sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn, tó jẹ́ ọmọ ìyá tiwa yìí, sórí oríṣi ibùsùn tó rọ̀ jura wọn lọ. Omi kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Àwọn tó wà lórí ibùsùn tó rọ̀ bí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀ka bíi ti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, àwọn tó wà lórí èyí tó le bí iṣan ń tọ ọ̀nà iṣan, àwọn tó wà lórí èyí tó le jù ń tọ ọ̀nà eegun. Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n sùn lé ló kọ́ wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé náà, mo wo abọ́ oníke tí mo ti ń fi sin sẹ́ẹ̀lì láti ọdún kan, tó le ju gbogbo ibùsùn tí wọ́n lò lọ, ojú sì tì mí díẹ̀. Mo ti ń tọ́ wọn lórí àpáta láìmọ̀.

Òwe kejì ni pé bó ti wù kí igi pẹ́ lódò tó, kì í di ọ̀ọ̀nì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìròyìn gba ìgboro pé bí èèyàn bá da kẹ́míkà kan báyìí sórí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tàbí ti mùdùnmúdùn, wọ́n á di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láàárín wákàtí mélòó kan. Àwòrán rẹ̀ dára: ara kékeré roboto, pẹ̀lú apá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà káàkiri. Àwọn àmì sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan tún mú wọn. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ fu wá lára ni ìyára yẹn. Ọ̀rá gba ọjọ́ mẹ́jọ kó tó yọ ìlẹ̀kẹ̀, eegun gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tó díjú jù nínú wọn, báwo ló ṣe máa gba wákàtí? Lọ́dún 2004, Paul Lu, Mark Tuszynski àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní California da ọṣẹ àti omi iyọ̀ tó le, tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọpọlọ, sórí irú sẹ́ẹ̀lì náà. Àwòrán kan náà ló jáde. Ìdáhùn wá hàn: sẹ́ẹ̀lì náà ń jẹ̀rora. Ara rẹ̀ ń fà wọnú, ibi tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ kò sì tètè tú, ìyẹn ló fi dà bí ẹni tó yọ apá. Wọ́n rò pé ó ń gba oyè, wọn kò mọ̀ pé ó ń kú lọ.

Èmi náà ṣe é rí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi pé, ẹ wá wo ọpọlọ tí mo fi ọ̀rá ṣe. Lọ́jọ́ kejì tí mo padà débẹ̀, wọ́n ti léfòó gbogbo.

N kò sọ pé ọ̀nà ọpọlọ ti dí pátápátá. Ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ṣì ń bá a yí pẹ̀lú ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ju ti kẹ́míkà alábùṣe yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà kan wà tí igi fi ń di ọ̀ọ̀nì, ìyẹn ni kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ẹ. Ọgbọ́n tí Shinya Yamanaka gbé jáde ní Kyoto lọ́dún 2006 nìyẹn, tó fi jíìnì mẹ́rin dá sẹ́ẹ̀lì àgbà padà sí ipò ọlẹ̀. Lọ́dún 2009, wọ́n fi ọgbọ́n yẹn kan sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá ní yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ó sì yá lára rẹ̀ ju ti awọ ara lọ. Irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá gbẹ́ báyìí lè di ohunkóhun lára. Àmọ́ kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú ọ̀rá mọ́, àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ lórí fóònù kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ le.

Ẹni tó bá ń gbọ́ mi lè máa bi mí pé, ṣé kò wá ṣiṣẹ́ lára èèyàn rí ni? Ó ṣe é. Ní Jámánì, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ṣèṣe lórí gan-an, ihò ńlá wà nínú agbárí rẹ̀. Àwọn dókítà fi eegun díẹ̀ tí wọ́n bù ní ìbàdí rẹ̀ dí i, wọ́n wá fi sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá rẹ̀ kún un. Lọ́dún 2004 ni wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀: láàárín oṣù mẹ́ta, eegun tuntun ti hù dí ihò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní Finland, lọ́dún 2009, wọ́n ròyìn ọkùnrin kan tí wọ́n ti gé eegun párì òkè rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ara rẹ̀ ni wọ́n tọ́ mọ́ èròjà kálísíọ́ọ̀mù àti BMP-2, purotéènì tó ń pe eegun. Wọ́n fi pamọ́ sínú iṣan ikùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n wá gbé eegun tó hù níbẹ̀ sí i lẹ́nu.

Mo fẹ́ràn ìtàn méjèèjì. Síbẹ̀, bí mo bá dé ìdí wọn, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bá pàdé: ta ló kọ́ eegun yẹn? Eegun ìbàdí wà nínú ti ọmọbìnrin náà. BMP-2 wà nínú ti ọkùnrin náà, òun nìkan sì tó láti pe eegun jáde. Bóyá sẹ́ẹ̀lì wa ló di eegun, bóyá ó kàn dúró tì wọ́n tó ń pariwo pé ẹ ṣe kíá.

Ìdúró-tì yẹn gan-an ló wá ń hàn sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àwọn tó gún sẹ́ẹ̀lì yìí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹranko tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni èyí tó pọ̀ jù há sí, tí wọ́n sì pòórá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Síbẹ̀ ara ẹranko náà ń yá. Ẹni tó ti kú kò lè di eegun. Ohun tó fi sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: èròjà tó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, èyí tó ń mú kí àwọn ọmọ ogun ara rọra, èyí tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì tó fara gbọgbẹ́ pé kó má tíì kú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà náà kò di ọmọ tuntun, ọwọ́ ló nà. Arnold Caplan, tó sọ ẹbí sẹ́ẹ̀lì yìí ní mesenchymal stem cell lọ́dún 1991, ló tún kọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ́dún 2017 pé ká yí orúkọ náà padà, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ara kì í ṣe ti dídi nǹkan, ti fífi àmì ránṣẹ́ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Kò rọrùn kí ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ dìde ní gbangba pé òun ṣì í sọ.

Orí iṣẹ́ fífi àmì ránṣẹ́ yìí ni oògùn tó lókìkí jù nínú wọn dúró lé, darvadstrocel, tí wọ́n tà ní orúkọ Alofisel. Ọ̀rá ẹlòmíràn ni wọ́n ti bu sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Àwọn tó ní àìsàn Crohn, tí ihò àìtọ́ gba ìfun wọn yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí, ni wọ́n ń fún ní 120 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti fi pa iná tó ń jó níbẹ̀. Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 lára èèyàn 212, ihò náà dí fún nǹkan bí 50 nínú 100 lára àwọn tó gbà á, ó sì dí fún 34 nínú 100 lára àwọn tó gba omi lásán. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i lọ́dún 2018. Ìdánwò ńlá kejì wá jáde lọ́dún 2023: kò fi ibì kankan dára ju omi lásán lọ. Ní December 2024, wọ́n kó o kúrò lọ́jà Yúróòpù. Mo kà á lórí ìjókòó ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tíì mi tutù síwájú mi.

Ìyẹn ni ti àwọn tó ṣe é bó ṣe tọ́. Àwọn tí kò ṣe é bó ṣe tọ́ ńkọ́? Lọ́dún 2017, àwọn dókítà ojú ròyìn obìnrin mẹ́ta ní Florida, àgbà ni gbogbo wọn, tí ojú wọn ń ṣú nítorí ọjọ́ orí. Wọ́n lọ sí ilé ìtọ́jú kan, wọ́n fa ọ̀rá ikùn wọn, wọ́n sì gún ohun tí wọ́n pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú rẹ̀ sí ojú wọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Kò pẹ́ tí awọ ẹ̀yìn ẹyinjú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí wọ́n tó lọ síbẹ̀, wọ́n ń ríran dé ìwọ̀n kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú wọn fọ́ tàbí kó kù díẹ̀ kó fọ́. Mo ń bínú sí ọ̀rọ̀ ojú méjèèjì yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Onímọ̀ tó mọ̀ pé "lè" lòún ń sọ kì í fọwọ́ kan ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń fún mi nírètí náà. Ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá àwọn èèyàn 10 tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bà jẹ́ sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Lọ́dún 2024 wọ́n ròyìn pé ara 7 sàn dé ìpele kan, pé kò sì sí ewu ńlá tó yọ. Èèyàn 10 kéré, kò sì sí àwọn tí wọ́n fi wé wọn. Ní Copenhagen, wọ́n gún ọ̀rá sí apá méjèèjì èèyàn 10, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú ọ̀rá kún ti apá kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìdá 80.9 nínú 100 ọ̀rá náà ṣì wà ní apá tó gba sẹ́ẹ̀lì, ìdá 16.3 péré ló kù ní apá kejì. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet ló gbé e jáde lọ́dún 2013. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn ṣe fídíò, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Inú ọ̀rá, ilé rẹ̀, ni wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí.

Mo padà pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún un nípa ìdánwò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023 ní Amẹ́ríkà, lára àwọn tó lé ní 400 tí orúnkún ń dùn bíi tirẹ̀. Wọ́n gún àwọn kan ní sẹ́ẹ̀lì láti inú ọ̀rá wọn, àwọn kan láti inú mùdùnmúdùn wọn, àwọn kan láti inú ìwọ́ ọmọ ìkókó, wọ́n sì gún àwọn yòókù ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà rẹ̀ ti fún un rí. Lẹ́yìn ọdún kan, ara gbogbo wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, kò sí èyí tó fi ibì kankan dára ju sítẹ́rọ́ìdì lọ, àwòrán inú orúnkún wọn kò sì fi eegun rírọ̀ tuntun hàn.

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"O ní ó lè di eegun."

"Nínú abọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú èmi tí mò ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Nínú orúnkún tó ń gbóná yìí, kò sẹ́ni tó máa bá a ṣe bẹ́ẹ̀."

"Nínú ikùn mi tó wà yìí ńkọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀?"

"Ó ń bí ọ̀rá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní òun ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, kò nílò yàrá ìwádìí.